Wallace-Johnson: Ẹjọ́ Ìdìtẹ̀ àti Ẹjọ́ Ìbanilórúkọjẹ́

Isaac Theophilus Akunna Wallace-Johnson (1894–1965) jẹ́ olóṣèlú, akọ̀ròyìn àti aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone, tí ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ní Accra, olú ìlú Gold Coast (Gánà òde òní), ní 1936, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án. Ìgbà kejì jẹ́ ní Freetown, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939. Ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ ni wọ́n fi kàn án níbẹ̀. Láàrin ẹjọ́ méjèèjì, ó tú ìwé ìkọ̀kọ̀ ìjọba síta fún ará ìlú, àwọn aláṣẹ sì gbà pé ìránṣẹ́ Moscow ni. Ẹjọ́ ti Accra rìn jìnnà ju ẹni tí wọ́n ṣe é fún lọ. Ó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ tí wọ́n dá níbẹ̀ sì di òpó tí àwọn ilé ẹjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń fara tì nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí àríwísí ìjọba parí sí àti ibi tí ìdìtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà wà lára wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ “ìdìtẹ̀” ní èdè Yorùbá lè ronú kan ìpàdé òru, ìbọn àti ìjà. Nínú òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun ìjà. Ọ̀rọ̀ nìkan tó. Bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀, tàbí tó kọ ọ́, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú èrò láti mú kí àwọn ará ìlú kórìíra ìjọba tàbí kí wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀, ó ti ṣẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ni kókó gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tó gbà dé Accra

Wilberforce, abúlé kan lẹ́bàá Freetown, ni wọ́n ti bí Wallace-Johnson, nínú ìdílé Krio tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn Krio ni ìran àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Freetown. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Akú níbẹ̀, àwọn tó padà wálé sí Èkó àti Abẹ́òkúta nínú wọn ni a mọ̀ sí Sàró. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin yìí dé Èkó, kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè, ó ti ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ òkun yí àwọn èbúté ká ti rí bí owó iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ síra láti ara àwọ̀ kan sí òmíràn.

Ní 1930 ó lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe ní Hamburg, ní Jámánì. Ní 1931 ó wà lára àwọn tó dá African Workers’ Union of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn èyí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Moscow, ó sì padà sí Èkó, níbi tó ti ṣe olóòtú Nigerian Daily Telegraph. Ọlọ́pàá wá ilé rẹ̀ yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́ ní 1933. Kò dúró de ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ó kọjá sí Gold Coast.

Àwọn amí ìjọba kò purọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dé Moscow. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ kan tó dá a lẹ́bi nítorí Moscow, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń kọ kò nílò Moscow. Owó iṣẹ́ tí kò tó jẹun, ìjàǹbá inú ihò ìwakùsà, àìsí owó gbà-má-bínú fún ìdílé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́: gbogbo èyí ni awakùsà èyíkéyìí ní Prestea lè sọ láìwọ ọkọ̀ òkun. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ibi ìwakùsà Prestea ní 1934, Wallace-Johnson sì gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó kú níbẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára. Ní 1935 ó dá West African Youth League sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ àti òṣìṣẹ́ jọ láìka ẹ̀yà sí. Títí di àkókò yìí, òṣèlú ní Gold Coast jẹ́ ohun tí àwọn ọba àti àwọn agbẹjọ́rò ń bára wọn jiyàn lé lórí. Akọ̀ròyìn tí kò ní oyè, tí kò sì kàwé òfin, wá ń pe àwọn awakùsà sí ìpàdé. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí gómìnà máa wò ó pẹ̀lú ojú ẹ̀gbẹ́.

Òfin 1934

Òfin ìdìtẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní etíkun yìí. Ní 1909 ni ìjọba Gúúsù Nàìjíríà, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, ti ṣe òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn Èkó tako gidigidi. Ní 1928, Herbert Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ìròyìn kan tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí. Gold Coast ló pẹ́ kí irú òfin yìí tó wọlé sí i. Nígbà tí Gómìnà Shenton Thomas mú àtúnṣe sí ìwé òfin ọ̀ràn wá ní 1934, ohun tó sọ pé òun ń dènà rẹ̀ ni àwọn ìwé láti ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá ti àwọn Kọ́múníìsì. Òfin náà fún ìjọba lágbára láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ di ọ̀daràn bí kò bá lè ṣàlàyé bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìlú tako o. Nana Ofori Atta ṣáájú ìgbìmọ̀ kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ Aborigines’ Rights Protection Society náà rán àwọn aṣojú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n lórí òfin yìí ohùn wọn pa pọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò yí i padà. Thomas lọ, Arnold Hodson dé gẹ́gẹ́ bí gómìnà, òfin sì wà nílẹ̀ dè é.

“Ǹjẹ́ Ọmọ Áfíríkà ní Ọlọ́run?”

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kàrún-ún 1936, African Morning Post ti Accra gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ní Ọlọ́run. Wallace-Johnson ló kọ ọ́, ó sì fi orúkọ ìnagijẹ bo ara rẹ̀. Ọjọ́ tó jáde ṣe pàtàkì. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀ ni ọmọ ogun Ítálì wọ Addis Ababa, tí wọ́n fi bọ́ǹbù àti afẹ́fẹ́ olóró ṣẹ́gun Etiópíà, ìjọba kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà nígbà náà ń tọ́ka sí pé ọwọ́ aláwọ̀ funfun kò tíì kàn. Etiópíà jẹ́ ilẹ̀ onígbàgbọ́ láti ayébáyé. Onígbàgbọ́ sì ni àwọn tó lọ gbógun tì í. Ìtakora yìí ni àpilẹ̀kọ náà dì mú.

Ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run tí àwọn aláwọ̀ funfun ń wàásù rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn kọ́ ni èyí tí ìwà wọn ń sìn. Òrìṣà tí ìwà wọn ń sìn, ẹ̀tàn ni orúkọ rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ sì ni pé kí alágbára máa tẹ aláìlágbára mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìbọn àti afẹ́fẹ́ olóró kọ́ ènìyàn ní ọ̀làjú. Kò dúró sí Etiópíà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí orí àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ amúnisìn, ó ka ìṣe wọn lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi òfin ìdìtẹ̀ fúnra rẹ̀ kún un, pé wọ́n ṣe é kí ọmọ Áfíríkà má baà lè la ẹnu. Bí ó ṣe di pé àpilẹ̀kọ tó bú òfin náà ni òfin náà kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nìyẹn.

Wọ́n mú Wallace-Johnson. Wọ́n mú olóòtú náà pẹ̀lú. Nnamdi Azikiwe ni olóòtú, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Onitsha tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, tí A. J. Ocansey, oníṣòwò tó ni ìwé ìròyìn náà, gbà síṣẹ́. Ilé ẹjọ́ dá Wallace-Johnson lẹ́bi, wọ́n ní kí ó san àádọ́ta pọ́n-ùn (£50) tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n dá Azikiwe náà lẹ́bi, ìjìyà tirẹ̀ sì le ju ti ẹni tó kọ ọ́ lọ, nítorí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọ̀nà wọn sì pínyà níbẹ̀. Azikiwe bọ́ ní 1937. Kì í ṣe pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé àpilẹ̀kọ náà mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kò fi ẹ̀rí hàn pé Azikiwe ni olóòtú ìwé ìròyìn náà ní ọjọ́ 15 oṣù Kàrún-ún gan-an. Gbogbo Accra ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ ìlú kì í ṣe ẹ̀rí. Azikiwe kó ẹrù rẹ̀ wá sí Èkó, ó sì dá West African Pilot sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn rẹ̀, òun ni Gómìnà Àgbà Nàìjíríà. Ìtàn ìwé ìròyìn àti òṣèlú Nàìjíríà ìbá gba ọ̀nà mìíràn bí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Accra bá ti rántí mú ẹnìkan tó lè jẹ́rìí sí ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Wallace-Johnson kò ní irú ihò abẹ́rẹ́ yìí láti gbà jáde. Òun ló kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdálẹ́bi rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdájọ́ Privy Council

Àríyànjiyàn tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé síwájú Privy Council ṣe kedere. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn adájọ́ ti ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bíbú ìjọba, bó ti wù kó le tó, kì í ṣe ìdìtẹ̀ àfi bí ó bá ń ru ènìyàn sókè sí ìwà ipá. Àpilẹ̀kọ Accra kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ òkò. Kò sì sí ẹ̀rí kankan, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, pé òǹkọ̀wé ní èrò ibi lọ́kàn. Bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá lè kọ irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó sì sùn sínú ilé rẹ̀, kí ló dé tí ti ọmọ Áfíríkà fi di ọ̀ràn?

Ní oṣù Kejìlá 1939, ìgbìmọ̀ náà dá a lóhùn. Wọ́n ní ìwé òfin Gold Coast ti sọ ohun tí ìdìtẹ̀ jẹ́ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, nítorí náà kò sí ìdí láti lọ yá ìtumọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ìwé òfin kò mẹ́nu ba ìwà ipá, nítorí náà agbẹjọ́rò ìjọba kò ní láti fi ìwà ipá hàn. Èrò ọkàn òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ tó kọ ni yóò jẹ́rìí sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ní ìkórìíra ìjọba nínú, èrò ti hàn. Wọ́n dá ẹjọ́ náà nù.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi. Ìdájọ́ yìí kò ní ìbínú nínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ amòfin, ó ṣe é fara mọ́: ìwé òfin ni ìwé òfin. Ṣùgbọ́n ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, lábẹ́ ọba kan náà, lè jẹ́ ẹ̀tọ́ ní òkè òkun kí ó sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ní Accra. Ìyẹn gan-an ni àpilẹ̀kọ náà ti sọ.

Ẹni tó pe ẹjọ́ náà kò sí nítòsí láti gbọ́ ìdájọ́. Ó ti wà ní àtìmọ́lé ní Freetown.

Ìwé ìkọ̀kọ̀ àti ikú Fonnie

Lẹ́yìn Accra, Wallace-Johnson lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Níbẹ̀ ni òun pẹ̀lú George Padmore, C. L. R. James, Amy Ashwood Garvey àti Jomo Kenyatta ti ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú International African Service Bureau, ó sì di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù Kẹrin 1938 ó padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Àwọn aṣọ́bodè pàdé rẹ̀ ní èbúté, wọ́n sì gba 2,000 ẹ̀dà ìwé ìròyìn African Sentinel lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń rò pé èyí yóò dá a lẹ́kun, wọn kò mọ̀ ọ́n. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti dá ẹ̀ka West African Youth League sílẹ̀ ní Freetown, àwọn ènìyàn sì ń kún ìpàdé rẹ̀ fọ́fọ́.

Níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ló ti ṣe ohun tó dun ìjọba jù. Ìwé ìkọ̀kọ̀ tí Gómìnà Douglas Jardine kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, nípa owó tó yẹ kí wọ́n máa san fún lébìrà, bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ará ìlú fetí ara wọn gbọ́ iye tí gómìnà rò pé ó tó òṣìṣẹ́ Áfíríkà láti gbé ayé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbé ìwé náà jáde. Ní ti ìjọba, jíjí àṣírí ni èyí, ó sì súnmọ́ iṣẹ́ amí pẹ́kípẹ́kí. Ní ti àwọn lébìrà, ohun tó kàn wọ́n ni wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó gbé Wallace-Johnson dé ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ti ìwé ìkọ̀kọ̀ yìí.

Ní oṣù Kọkànlá 1938, àwọn olùdíje mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú Freetown. Ọ̀kan nínú wọn ni Constance Cummings-John, ọmọ ogún ọdún. Ohun tó tún dẹ́rù ba gómìnà ni pé ẹgbẹ́ náà kò dúró sí àárín àwọn Krio inú ìlú. Ó ń pe àwọn ará òkè tí wọ́n wà ní ìhà Protectorate mọ́ra, àwọn tí ìjọba àti púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá Krio ti sábà máa ń kà sí ẹlòmíràn. Ní oṣù Kìíní 1939, àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tó wà nídìí àgbá ńlá kọ̀ láti tò sí ìlà. Owó oṣù àti bàtà tí wọn kò fún wọn wà lára ohun tó ń bí wọn nínú. Ìjọba fura pé ọwọ́ Youth League wà níbẹ̀. Ní oṣù Kàrún-ún, Jardine mú àwọn òfin tuntun wá lẹ́ẹ̀kan náà: òfin ìdìtẹ̀, òfin ìwé tí kò yẹ, òfin rírú ọmọ ogun sókè, òfin lílé ènìyàn kúrò nílùú. Nínú àpò kan náà ni wọ́n ti fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin. Ọwọ́ kan ń fúnni, èkejì ń gbà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1939, African Standard, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó béèrè ẹni tó pa Fonnie. Fonnie jẹ́ ọmọ Áfíríkà kan tó kú; àpilẹ̀kọ náà ní lílù ló fa ikú rẹ̀, ó sì di ẹ̀bi náà lé ọ̀gá ìjọba, aláwọ̀ funfun, tó ń ṣàkóso Bonthe lórí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí Jámánì wọ Poland, wọ́n mú Wallace-Johnson lábẹ́ òfin pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ Fonnie, pẹ̀lú ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ìyàtọ̀ wà láàrin ìbanilórúkọjẹ́ tí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ fúnra rẹ̀ pe ẹjọ́ fún, tí yóò gba owó ìtanràn bí ó bá jàre, àti èyí tí ìjọba sọ di ọ̀ràn tí ó sì ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ti Wallace-Johnson jẹ́ ti kejì. Adájọ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Kì í ṣe àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n bá búra fún, tí ìbá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ló borí. Èyí wà lára ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò dákẹ́ lé lórí, nítorí ní Freetown ọdún yẹn kò rọrùn láti rí méjìlá tí yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Nígbà tí ọdún náà pé, kò lọ ilé. Òfin pàjáwìrì ṣì wà nílẹ̀, ìjọba sì gbé e lọ sí erékùṣù Sherbro, ibi tí Bonthe fúnra rẹ̀ wà, kó máa gbé níbẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Kò gba òmìnira títí di 1944. Ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ dá fún un kò ju oṣù méjìlá lọ. Èyí tí gómìnà fi àṣẹ lásán fún un ló jẹ́ ọ̀pọ̀ jù nínú ọdún tó ṣòfò. Ẹgbẹ́ Youth League kò bọ̀ sípò mọ́ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn 1944

Ó lọ sí ìpàdé Pan-African ní Manchester ní 1945, ó wọ ilé aṣòfin Sierra Leone ní 1951, ó sì wà lára àwọn aṣojú tó lọ jíròrò òmìnira ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1960. Ṣùgbọ́n agbára tó ní lórí ìgboro Freetown ní 1938 kò padà sí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni ìjọba fà lé lọ́wọ́. Ọkọ̀ ló pa á ní Gánà ní ọjọ́ 10 oṣù Kàrún-ún 1965, nígbà tó lọ sí ìpàdé ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Éṣíà ní Winneba.

Ìdájọ́ 1939 kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Nàìjíríà gba òmìnira pẹ̀lú abala kẹẹ̀dọ́ta àti ìkọkànléláàádọ́ta ìwé òfin ọ̀ràn, èyí tó sọ ìtumọ̀ ìdìtẹ̀ ní ọ̀nà tó jọ ti Gold Coast. Ní 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Chike Obi, ọ̀mọ̀wé ìṣirò àti aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣèlú Dynamic Party, nítorí ìwé pélébé kan tó pín fún ará ìlú. Ìbéèrè tí Accra gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tún jẹyọ ní Èkó: ṣé ó tó kí ọ̀rọ̀ bu ìjọba kù, àbí ó gbọ́dọ̀ fa rúkèrúdò? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà, lábẹ́ Adetokunbo Ademola, sọ pé òfin ìdìtẹ̀ kò tako ẹ̀tọ́ ìsọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ará ìlú lè ṣe àríwísí ìjọba níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàrin ààlà ohun tó tọ́. Ta ni yóò sì ti ààlà náà? Ìjọba tí wọ́n ń ṣe àríwísí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tì í, nígbà tó bá ń pinnu ẹni tí yóò gbé lọ sí ilé ẹjọ́.

Ó di 1983 kí ohùn mìíràn tó jáde. Arthur Nwankwo, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú, ti kọ ìwé kan nípa bí Jim Nwobodo ṣe ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Anambra, ilé ẹjọ́ gíga sì ti dá a lẹ́bi ìdìtẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Enugu fagi lé ìdálẹ́bi náà. Adájọ́ Olatawura ṣàlàyé pé ìran ènìyàn tí amúnisìn ní lọ́kàn nígbà tó ṣe òfin yẹn kọ́ ni àwọn ará Nàìjíríà mọ́, àti pé gómìnà tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ lè lọ pe ẹjọ́ owó ìtanràn bí ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ náà lágbára, ṣùgbọ́n abala òfin náà kò kúrò nínú ìwé. Ní 2006, wọ́n tún fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan àwọn akọ̀ròyìn méjì ní Nàìjíríà lórí ìròyìn nípa ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ.

Gánà pa òfin ìdìtẹ̀ àti ìbanilórúkọjẹ́ tó jẹ́ ọ̀ràn rẹ́ ní 2001. Sierra Leone pẹ́ jù ú lọ. Ní 1965, ọdún tí Wallace-Johnson kú, ìjọba tirẹ̀, ìjọba ọmọ ìlú, ṣe òfin ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìlú tuntun tó sọ ìbanilórúkọjẹ́ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Òfin yìí ni wọ́n fi rán olóòtú ìwé ìròyìn For di People lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Freetown ní 2004. Ní 2020 ni ilé aṣòfin Sierra Leone fagi lé abala náà.